Pátákó Pẹ́dàlì Dérìn

Ọ̀gá Láṣebìkan, olórí ẹgbẹ́ olórin kan ní Ìkirè, sọ fún Dérìn tó ń ta gìtá fún un pé: "Gbé pátákó tó ní pẹ́dàlì mẹ́ta tí ń yí ohùn gìtá padà wá lọ́jọ́ Ẹtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àna mi ni yóò gba ipò rẹ." Owó pẹ́dàlì kan ṣoṣo ni Dérìn ní. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá a máa kẹ̀yìn sí ẹni tó bá ń dán wò, kí ojú má baà tan etí jẹ. Lọ́jọ́ Ẹtì, bí ó ti kẹ̀yìn, Dérìn tẹ pẹ́dàlì kan tó rà, gìtá sì bú ramúramù. Ó pa á, ó gbé fáànù síwájú sípíkà, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, ó kọjú sípíkà sínú táńkì omi tó ṣófo, ohùn sì ń dá ara rẹ̀ lóhùn. "Mẹ́ta pé," ni Ọ̀gá wí, ó yíjú padà, ó wo fáànù, ó wo táńkì, ó sì rẹ́rìn-ín. "Dérìn, ta ni yóò máa bá ọ gbé táńkì lọ sóde eré?" "Àna yín ni, Ọ̀gá."