Tibi Tire Láàfin Ìgbórò

Kò sí ohun tí ọba kò lè fòfin dè. Ọba Ìgbórò kan tilẹ̀ fòfin de ibi. Ó ní ibi kò gbọdọ̀ wọ ààfin òun mọ́, ire nìkan ni kó máa wọlé. Mojíránadé, ìyá agbẹ̀bí ìlú, gbọ́, ó ní, "Kábíyèsí, ẹnu ọ̀nà kan náà làwọn méjèèjì ń gbà wáyé." Inú bí ọba. "Fi ẹnu ọ̀nà náà hàn mí kí oṣù yìí tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó ẹrù rẹ kúrò nílùú." Màmá kúnlẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Oṣù ò tíì parí tí olorì fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, ni wọ́n bá sáré lọ pe màmá. Nígbà tó dọ̀sán, ọmọ ké. Màmá yọjú sí ọba lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Kábíyèsí, ire ti dé, obìnrin ni. Ṣùgbọ́n ibi ṣì wà nínú, ẹ sì ní kò gbọdọ̀ wọ ààfin. Ṣé kó dúró síbẹ̀ ni?" Ọba figbe ta. "Ṣé o fẹ́ pa ìyàwó mi ni? Kó bí tibi tire!" Màmá ní, "Àṣẹ. Ẹnu ọ̀nà tí ẹ ní kí n fi hàn yín nìyẹn." Kò pẹ́, ó gbé ibi náà jáde nínú ìkòkò tuntun kan. "Àgbàlá baba ọmọ la máa ń rì í mọ́." Ọba wo ọmọ, ó wo ìkòkò, ó ní kí wọ́n gbé ọkọ́ wá. Bó ṣe ń gbẹ́lẹ̀, màmá tún ní, "Ẹ rọra o, Kábíyèsí. Òun ló ń bọ́ ire láti oṣù mẹ́sàn-án."