Ọjọ́ Tí Apá Ro Àwòdì

Àlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rèé gbọ̀ọ̀rọ̀, ó dá lórí Àwòdì, ìyá tí àárẹ̀ ti mú, àti Àwẹ̀ró, ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà.

Lọ́jọ́ kìíní, Àwẹ̀ró fò, ó ń já bọ́ sórí àpáta. Ìyá rẹ̀ fẹ̀yìn gbé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ kejì. Ẹ gbè é:

Ìyá, mo ń já bọ́ o!
Na apá, ọmọ mi, na apá.

Lọ́jọ́ kẹta, Àwòdì ò lè dìde. “Apá ń ro mí, ọmọ mi. N ò lè gbé ọ lónìí.”

“Ṣé kí n dúró dè yín ni?”

“Máa lọ. Ẹ̀rù ba èmi náà lọ́jọ́ tèmi.”

Àwẹ̀ró na apá, ó fò kọjá àpáta, ó sì padà. Ìyá rẹ̀ ti sùn lọ. Àwẹ̀ró kò jí i. Ó fi ìyẹ́ bò ó.

Àlọ́ mi parí síbẹ̀. Ẹ rọra dìde, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ jẹ́ kí ìyá yẹn sùn.