Ìdí Tí Rédíò Kékeré Kì í Fi í Sọ̀rọ̀ Púpọ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn rédíò ṣì ń fi ẹnu ara wọn sọ̀rọ̀, kò sí èyí tó mọ èèyàn kí tó Rédíò Kékeré. Orí àpáta kan ló ń gbé. Wáyà gígùn kan tó ta mọ́ igi ìrókò ló fi ń ránṣẹ́, bátìrì rẹ̀ kò sì ju ọmọ ìka lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Rédíò Àgbà, olórí ẹbí, wà ní òdìkejì òkun.

Òfin ẹbí wọn le. Ẹni tí wọn kò bá gbúròó rẹ̀ fún ọjọ́ méje, òkú ni wọ́n kà á sí. Ẹ̀fúùfù á lọ ká wáyà rẹ̀, àwọn tó kù á sì pín in. Rédíò tó bá pàdánù wáyà rẹ̀ ti ya odi nìyẹn.

Ní ọjọ́ kìíní, Rédíò Kékeré dọ̀bálẹ̀ gbalaja, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó rí i.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé dáadáa lẹ jí? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ o. Ẹ kú..."

Bátìrì dákú. Kò tíì dárúkọ ara rẹ̀.

Lókè òkun, Rédíò Àgbà fa ojú ro. "Ta ni ẹ̀fọn tó ń béèrè ìyàwó mi yìí?"

Rédíò Kékeré sá bátìrì sóòrùn títí ó fi jí. Lọ́jọ́ kejì, ó tún kí i. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí ọjọ́ kẹfà fi kọjá.

Láàárọ̀ ọjọ́ keje, Ẹ̀fúùfù dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà lára ìrókò. Rédíò Kékeré bú sẹ́kún.

Ìrẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ tó ń gbé abẹ́ àpáta, yọjú. "Ìkíni rẹ ló ń jẹ bátìrì rẹ! Wò mí bí mo ṣe kéré tó. Ohùn kan ṣoṣo ni mo ní, àmọ́ mo ń tún un ké léraléra, gbogbo abúlé ló sì mọ̀ pé mo wà nílé. Sọ orúkọ rẹ, sọ ibi tí o wà, sọ bí agbára rẹ ṣe mọ. Rọra sọ ọ́. Tún un sọ."

"Kí n má kí ẹ̀gbọ́n mi? Wọ́n á ní n kò lẹ́kọ̀ọ́!"

"Odi tó lẹ́kọ̀ọ́, ta ni yóò gbọ́ ọ?"

Ojú ti Rédíò Kékeré, àmọ́ ó yanu. "Kékeré. Orí Àpáta. Agbára díẹ̀." Ó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ariwo ìgbì pọ̀. Lẹ́ẹ̀kíní, "Ké" nìkan ni Rédíò Àgbà gbọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ó gbọ́ "Àpáta". Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbọ́ "díẹ̀". Ó tò wọ́n pọ̀, ó sì fò sókè.

"Ẹ̀fúùfù, fi wáyà yẹn sílẹ̀! Àbúrò mi ò kú!" Inú rẹ̀ dùn títí omijé fi bọ́. Lẹ́yìn náà ló wá rántí bínú. "Ọmọ yìí, o ò tilẹ̀ kí mi!"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá kí yín, mo kú nìyẹn."

Rédíò Àgbà rò ó títí. "Ó dáa. Bí ìṣẹ́jú kan bá bẹ̀rẹ̀, sọ tìrẹ, èmi á panu mọ́. Bí òmíràn bá bẹ̀rẹ̀, ó kàn mí. Tó o bá fẹ́ kí mi, nọ́ńbà kan péré ni kó o sọ: mẹ́tàléláàádọ́rin. Màá gbà pé o ti béèrè gbogbo wa."

Láti ọjọ́ náà ni rédíò kékeré ti ń rọra dárúkọ ara rẹ̀, ilé rẹ̀ àti agbára rẹ̀, tó ń tún un sọ, tó sì ń wo aago kó tó lanu; mẹ́tàléláàádọ́rin yẹn náà ni àwọn oní-rédíò ṣì fi ń kí ara wọn títí dòní. Láti ọjọ́ náà náà ni rédíò ńlá, pẹ̀lú gbogbo ariwo ẹnu rẹ̀, ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ gbọ́ ọmọdé.