Àparò àti Àwọn Tó Bá Ọ̀fẹ́ Wọlé

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Dúródọlá, kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ kọ́ la ti ń gbọ́ àlọ́. Ayọ̀kà, dojú fóònù yẹn bolẹ̀ kó sinmi, òun náà ti gbọ́ tó lónìí. Ẹ jókòó kí orúnkún yín kan tèmi. Háà, ẹ wo bí ilé mi ṣe kún! Inú mi dùn ṣìnkìn.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rìn jẹ́jẹ́jẹ́, ó rá pálá wọ inú koríko, ó lọ bà lé Àparò lórí.

Ní ìgbà kan tí àwọn ẹranko ń lo kọ̀ǹpútà, Àparò ní ọ̀kan. Ọkọ rẹ̀ tó lọ ṣiṣẹ́ ní òkè odò lọ́hùn-ún ló fi ránṣẹ́ sí i, kí wọ́n lè máa rí ojú ara wọn bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́. Ó pẹ́ tí Àparò ti ń wá ọmọ. Òjò ti gbé ẹyin rẹ̀ lọ rí, iná ìgbẹ́ ti jó òmíràn rí. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó tún yé, ó sì kó wọn pamọ́. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló ń sọ ibi tí wọ́n wà fún.

Ẹtà náà wà nínú ìgbẹ́ yẹn. Wọ̀bìà ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni. Bó bá sùn, àlá ẹyin ló ń lá. Ó fi imú tú gbogbo koríko, fín-ín, fín-ín, kò rí nǹkan kan. Ó ní, "Ó dáa. Ohun tí imú ò rí, etí á gbọ́ ọ."

Ó bá múra, ó dé ẹnu ọ̀nà Àparò, ó fi ẹ̀rín sẹ́nu.

"Ẹ kúulé o, aya ọ̀rẹ́ mi."

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀rẹ́ ọkọ mi. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni. Ọkọ yín ò sí nílé, ilé á ti sú yín. Àpò Orin ni mo gbé wá. Ẹ fi sínú kọ̀ǹpútà yín, kò sí orin tí ẹ fẹ́ tí kò ní kọ fún yín."

"Èló ni?"

"Èèwọ̀! Èmi, kí n gbowó lọ́wọ́ aya ọ̀rẹ́ mi? Ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ pọ́ńbélé!"

Àparò jó kẹ́nkẹ́. Ó fi Àpò Orin sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ dá dúró, ó kọ ọ̀rọ̀ sójú, ó gùn gbọọrọ bí okùn iṣu. Nísàlẹ̀ pátápátá, wínníwínní, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Àwọn èrò kan bá Àpò Orin rìn. Ṣé kí wọ́n wọlé?"

Ẹ gbọ́ o, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni Àparò. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún un láti kékeré pé bí àlejò bá mú èrò lẹ́yìn wá, a kì í bi í pé, "Ta nìwọ̀nyí?" Ìjókòó là ń fún wọn, omi là ń bù. Nítorí náà, kò tilẹ̀ kà á. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ tún bi í. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, wéré wéré, bí ẹyẹ tó ń ṣa ọkà jẹ.

Àwọn èrò náà, amí Ẹtà ni wọ́n, bá wọlé, wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n kéré ju ìdun lọ. Ọ̀kan lúgọ sábẹ́ ibi tó ń tẹ̀. Ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ibi tí ẹ̀rọ fi ń wò. Ọ̀kan jókòó ti ibi tí ohùn ń gbà kọjá. Orin ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Ẹ bá mi gbè é:

Ọ̀fẹ́ dé, mo ṣílẹ̀kùn o
*Ta ló bá a wá?*
Mo tẹ́ní, mo bu omi o
*Ta ló bá a wá?*
Mi ò kà á, mo ní bẹ́ẹ̀ ni o
*Ta ló bá a wá?*

Kò pẹ́, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ ẹsẹ̀. Bí Àparò bá tẹ nǹkan láàárọ̀, ọ̀sán ló ń dáhùn. Ara rẹ̀ gbóná janjan bí ìkòkò ẹ̀wà. Pẹ́pẹ́yẹ, àgbà obìnrin tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yọjú.

"Àparò, ẹ̀rọ rẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ. Èrò ti pọ̀ nínú rẹ̀."

"Orin ló ń kọ, mà."

"Orin wo ló ń làágùn báyìí? Wá, jẹ́ kí n fún ọ ní irú ẹ̀ṣọ́ tó wà nínú tèmi. Kò sí ẹni tó máa wọlé tí kò ní bi í pé, 'Ìwọ ta ni? Ta ló rán ọ? Kí ló wà lápò rẹ?'"

Àparò fi ìyẹ́ bo ẹnu. "Háà! Kó máa bi àlejò mi bí ọlọ́pàá? Ẹ jọ̀ọ́, mà, ilé mi kì í ṣe àgọ́."

"Ó dáa, ọmọlúàbí. Ṣáà mọ̀ pé ìwà pẹ̀lẹ́ ò bá ẹnikẹ́ni ṣọ́lé rí."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ rẹ̀ yọ lójú ẹ̀rọ.

"Àwọn ọmọ mi ńkọ́?"

"Wọ́n wà, baálé mi. Ìdí ọ̀gán ni mo kó wọn sí, lábẹ́ koríko ẹ̀ẹ̀kan. Mo ti ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kanlẹ̀kùn nínú èèpo, kó, kó, kó. Bí mo bá mumi bọ̀ lódò lọ́sàn-án ọ̀la, bóyá màá bá wọn níta."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Àwọn amí ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà, ó di ọ̀dọ̀ Ẹtà, fíì!

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Àparò lọ mumi. Nígbà tó padà dé ìdí ọ̀gán, ẹ̀yin ọmọ mi, èèpo ló bá. Èèpo fọ́n káàkiri. Ẹtà jókòó síbẹ̀, ó ń lá ẹnu.

"Ta ló júwe fún ọ?" Àparò kígbe.

"Ìwọ ni."

"Èmi?"

"Ìwọ ni, aya ọ̀rẹ́ mi. Mi ò jalẹ̀kùn. Mo bi ọ́ bóyá kí èrò mi wọlé, o ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo tún bi ọ́, o ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé orin náà dùn?"

Ó nu ẹnu mọ́ koríko, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni ò mú un, ọba kan ò dá a lẹ́jọ́. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, bó ṣe rí nìyẹn. Dúródọlá, nu ojú rẹ, gbè é:

Ọ̀fẹ́ dé, mo ṣílẹ̀kùn o
*Ta ló bá a wá?*
Ọmọ mi ń kanlẹ̀kùn nínú èèpo
*Ta ló bá a wá?*
Ẹtà ló lọ ṣí i fún wọn o
*Ta ló bá a wá?*

Ohun tí mo fi àlọ́ yìí kọ́ yín rèé. Bí wọ́n bá gbé ọ̀fẹ́ wá sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín, ẹ bèèrè ta ló bá a wá. Ẹ ka èyí tó wà nísàlẹ̀, wínníwínní, kí ẹ tó ní bẹ́ẹ̀ ni. Àlejò tó jẹ́ ènìyàn la kì í bi léèrè. Ti ẹ̀rọ, ẹ bi í títí á fi rẹ̀ ẹ́. Kí ẹ sì fi ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ẹyin ṣì wà nínú ìtẹ́.

Ibi tí ẹsẹ̀ àlọ́ mi mọ nìyẹn. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí obì má dùn lẹ́nu mi mọ́.

Kí lo wí, Ayọ̀kà? Àwọn amí yẹn ńkọ́?

Hẹn-ẹn. Àparò lọ kan ilẹ̀kùn Pẹ́pẹ́yẹ, ẹ̀ṣọ́ sì dé. Ó tú inú ẹ̀rọ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́: "Ìwọ ta ni? Ta ló rán ọ?" Nígbà tó di àfẹ̀mọ́júmọ́, àwọn amí bẹ̀rẹ̀ sí jáde lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Wọ́n ti yó, wọn ò kánjú. Àparò dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. Ẹnu rẹ̀ ti là, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, láti sọ pé, "Ó dàbọ̀ o, ẹ kílé." Ó pa á dé. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn kọjá lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ sì mọ́.