Ohun Tó Dá Ọkọ̀ Ààrẹ Dúró

Aránṣọ kan ń bẹ nílùú kan tí kì í ra ìwé ìròyìn, àmọ́ kò sí àárọ̀ tí kì í dé ìdí ẹni tó ń tà á. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ka àkọlé lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á sì máa fi ẹnu ṣèjọba lórí ìdúró.

Nígbà tí wọ́n yìnbọn pa ààrẹ orílẹ̀-èdè náà lójú ọ̀nà, níbi tí ọkọ̀ rẹ̀ ti dúró, ọ̀rọ̀ délẹ̀. Ẹnìkan ní igbákejì rẹ̀ ló rán wọn, pé ipò ló ń wọ̀ ọ́ lójú. Òmíràn ní àwọn ológun ni. Aránṣọ ní, "Ẹ fìyẹn sílẹ̀. Kí ló dé tí ọkọ̀ fi dúró? Ẹ bi awakọ̀." Gbogbo wọn mirí. Bẹ́ẹ̀, awakọ̀ yìí, ọmọ ìlú wọn ni, ọ̀rẹ́ aránṣọ láti kékeré sì ni.

Awakọ̀ padà wálé pẹ̀lú ọgbẹ́ ìbọn nítan. Ẹni tó bá yọ nínú ikú, ṣebí ńṣe là á ya lọ kí i kú ewu. Ìyàwó rẹ̀ to àga síta lọ́jọ́ mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò wá jókòó.

Ó ránṣẹ́ pe aránṣọ. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ààrẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n dúró. Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún wọn. Ìwọ ni wọ́n ń gbọ́ tìẹ."

Aránṣọ gbà á gbọ́. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ìdí ìwé ìròyìn, tó rí bí wọ́n ṣe ń retí rẹ̀, ojú tì í. Ṣé ìtọ̀ lásán ni kóun wá sọ pé ó pa odindi ààrẹ? Ó ní, "Mo rí i. Kò fẹ́ sọ."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ òkò sílé awakọ̀. Ẹ̀rù ò jẹ́ kó jáde lọ sí ọsibítù. Ọgbẹ́ náà kẹ̀, ó sì pa á.

Àwọn ará ìdí ìwé ìròyìn ní, "Ẹ ò rí i? Wọ́n ti pa á, kó má bàa sọ̀rọ̀." Aránṣọ bú sẹ́kún, ó jẹ́wọ́ gbogbo ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ fún un. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ ìwọ náà nìyẹn."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ yóò bá a. Ó bá a lóòótọ́, òkú ló bá nílẹ̀.

Ìwọ tó o mọ ìdí gbogbo ọ̀rọ̀, ẹni tó pa ààrẹ, èmi ò mọ̀ ọ́n, ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó pa awakọ̀ ńkọ́?