Ìdí tí Àtíòro fi ń fi Amọ̀ Dí Ẹnu Ilé Rẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí ilé kankan kò tíì ní ilẹ̀kùn nínú igbó, Àtíòro ń gbé inú ihò kan ní ìdí igi ìrókò. Àtíòro ni ẹyẹ tí ẹnu rẹ̀ gùn, tó sì tẹ̀ bí dòjé.

Ó mọ gbogbo igi: èyí tí èso rẹ̀ ti pọ́n, èyí tí ewé rẹ̀ ń wo inú rírun. Ẹni tó bá fẹ́ bi í ní nǹkan á wá sẹ́nu ihò, á kọ́kọ́ kí i, yóò sì dáhùn. Ẹnu ihò náà kò gbà ju ẹnì kan lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ bẹ́ẹ̀. "Bí wọ́n bá kí ọ, dáhùn kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn." Àtíòro kò jẹ́ kí ìkíni ẹnikẹ́ni bọ́ sílẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ kan, Olórí Ẹ̀gà, ẹyẹ kékeré aláwọ̀ ìyeyè, wá bá a.

"Ìyá wa Àtíòro, igi ọ̀pọ̀tọ́ etí odò yẹn, ẹ má júwe rẹ̀ fún ẹlòmíràn mọ́. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ tiwa nìkan."

"Ẹni tó bá béèrè, màá dá a lóhùn."

Olórí Ẹ̀gà mi orí. "Ó dáa. Àwa náà á máa wá béèrè nígbà náà."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gà kan bà sẹ́nu ihò.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Kí lo fẹ́?"

Kò fẹ́ nǹkan kan. Ó fò lọ, òmíràn sì bà. "Ẹ káàárọ̀, mà." Wọ́n tò lọ bí ẹgbẹ̀rún, ẹni tó bá sì kí tán á tún lọ tò sẹ́yìn.

Àtíòro yára dáhùn, wọ́n tún pọ̀ sí i. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dáwọ́ dúró.

"Ṣé kíkí àgbà ti wá di ẹ̀ṣẹ̀ ni, mà?" ni ọ̀kan wí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Àtíòro ń dá wọn lóhùn lọ, ó sì ń rò ó. Bí ó bá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ta ló ṣẹ̀ ẹ́? Ẹ káàárọ̀ kan ṣoṣo, kí ló burú níbẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì lè ti rí irú rẹ̀: ojú òpó kékeré kan tí ìbéèrè asán bò mọ́lẹ̀, tí ẹni tó nílò rẹ̀ gan-an kò sì rí ọ̀nà wọlé.

Ní ọ̀sán, Ẹtu, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, sáré dé. Ọmọ rẹ̀ ti jẹ èso olóró. Àtíòro rí i láàárín àwọn ìyẹ́ aláwọ̀ ìyeyè. Ó rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohun tó ń sọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Ẹtu sọ̀rọ̀."

"Ẹ káàsán, mà." "Ẹ káàsán, mà." "Ẹ káàsán, mà."

Àtíòro sì ń dáhùn, nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, tí àwọn ẹ̀gà lọ, Ẹtu kò sí níbẹ̀ mọ́. Àtíòro já ewé ìwòsàn lóríṣiríṣi, torí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó fi ẹnu gbé e, ó fò lọ bá a. Ó bá Ẹtu nìkan lórí koríko; ọmọ rẹ̀ ti kú.

"Mo wá," ni Ẹtu wí. "Mo dúró títí."

"Mo rí ọ."

"Mo mọ̀ pé o rí mi."

Kò bá a wí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbá sàn fún Àtíòro bí Ẹtu bá bú u.

Nígbà tó padà délé, ọkọ rẹ̀ ní òun yóò lé àwọn ẹ̀gà náà.

"Ẹ lè lé mẹ́wàá. Ẹgbẹ̀rún ńkọ́?"

Ọkọ rẹ̀ ronú títí, ó sì lọ gbé amọ̀ wá. Wọ́n wá ihò mìíràn lókè igi ìrókò náà. Àtíòro wọ inú rẹ̀, ó sì ń mọ amọ̀ dí ẹnu rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀, ó dúró.

"Ẹni tó bá nílò mi gan-an ńkọ́? Báwo ni yóò ṣe rí mi?"

"Kò ní rí ọ, ìyá ọmọ mi."

Ó pẹ́ kí ó tó mú amọ̀ tó kù.

Láti ọjọ́ náà ni Àtíòro ti ń fi amọ̀ dí ara rẹ̀ mọ́lé nígbà tó bá fẹ́ yé ẹyin, tí kì í ṣí ju àlàfo tóóró tí ọkọ rẹ̀ ń gbà fún un lóúnjẹ. Àwọn ẹ̀gà ṣì ń pariwo kíkí láti òwúrọ̀, kò sẹ́ni tó ń dá wọn lóhùn. Ẹtu sì ń rìn jẹ́jẹ́, kì í bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́. Tó bá dé ìdí ìrókò, á dúró, á gbójú sókè díẹ̀, á sì kọjá lọ. Láti inú àlàfo tóóró yẹn, Àtíòro ń wò ó.