Ṣíbí Tó Dúró Lójú Àlá

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó rà bàbà lójú oorun, ó bà lé Ìjàpá ọkọ Yánníbo. Yàrá kan kún dẹ́nu, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò rí ààyè yíra padà. Kí ni o? Ẹ má tíì sọ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ yìí kì í fi sùúrù gbọ́ nǹkan.

Ní ìlú àwọn ẹranko, kọ̀ǹpútà kan tó ń tọ́jú àlá wà lábẹ́ igi àràbà. Bí o bá lá àlá tó dùn, wàá rọ́ ọ fún un, yóò sì máa fi í hàn ọ́ nígbàkúùgbà tí o bá fẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni olùtọ́jú rẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà náà, àká ńlá wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, níbi tí gbogbo àlá ń sùn sí. Yàrá iṣẹ́ kékeré wà níwájú, pẹpẹ kan sì wà nínú yàrá náà. Ohun tí wọ́n bá ń béèrè léraléra, kọ̀ǹpútà á gbé e sórí pẹpẹ, kó má baà máa rìn dé àká.

Orin ìrẹmọ kan wà lórí pẹpẹ yẹn. Ìyá tó bí Àdàbà, tó ti kú, ló kọ ọ́ fún un lójú àlá. Ọmọ Àdàbà ń ṣàìsàn, orin yẹn nìkan ló sì lè mú un sùn. Bí kò bá sùn, ara rẹ̀ kò ní yá.

Ìjàpá ní tirẹ̀ máa ń lá àlá àsáró, nínú ìkòkò tó ga jù ú lọ. Àmọ́ inú àká ni àwọn àlá náà wà, wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dé, inú sì ń bí Ìjàpá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní kí Ọ̀kẹ́rẹ́ lọ sinmi, òun á bá a ṣọ́ ọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ kìlọ̀ fún un pé kó má fọwọ́ kan ètò tó ń pinnu bí pẹpẹ ṣe tóbi tó, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ta ló kìlọ̀ fún, Ìjàpá ni? Ó ṣí ètò náà, ó fẹ pẹpẹ díẹ̀, ó kó àlá rẹ̀ mẹ́rin síbẹ̀. Àsáró yọ wàrà. Inú rẹ̀ dùn. Ó tún fẹ̀ ẹ́, ó kó ogún, ó kó ọgọ́rùn-ún, títí pẹpẹ fi gba gbogbo yàrá. Kọ̀ǹpútà kò rí ibi dúró sí ṣiṣẹ́ mọ́. Yàrá tí mo ní ó kún dẹ́nu nìyẹn o. Bó bá fẹ́ gbé nǹkan kan, àfi kó kọ́kọ́ ru òmíràn lọ sí àká.

Nígbà tí kùrukùru ìrọ̀lẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀, Àdàbà gbé ọmọ dé. Orin náà bẹ̀rẹ̀, ó sì dúró sórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ọmọ náà lajú sílẹ̀, ara rẹ̀ ń gbóná.

"Bàbá Ìjàpá, kí lẹ ṣe sí i?"

Ìjàpá kò wo ẹ̀yìn. Tirẹ̀ náà ti dúró. Ṣíbí àsáró gbéra láti inú ìkòkò, ó dúró sí agbedeméjì. Ìjàpá lanu, ó ń na ọrùn díẹ̀díẹ̀, ṣíbí ò wá.

"Ẹ ṣe sùúrù ná," ló ní, "ó ti ń bọ̀."

"Ọmọ mi ń lọ lọ́wọ́ mi, ẹ ní kí n ṣe sùúrù."

Ẹkún gba ojú Àdàbà, ó fò lọ pe Ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ dé, ó wo pẹpẹ, ó mi orí.

"Ìjàpá, bí o bá kó gbogbo ẹrù rẹ sọ́wọ́, ọwọ́ wo lo máa fi jẹun?"

Ó dá pẹpẹ padà sí ìwọ̀n rẹ̀. Àwọn àlá yẹn wọ́ padà lọ sí àká lọ́kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà mí kanlẹ̀. Orin ń ṣàn jẹ́ẹ́jẹ́, ọmọ náà di ojú. Ṣùgbọ́n ṣíbí tó ti há láti ọ̀sán já wàrà, ó kọjú sí Ìjàpá. Ẹ̀rù bà á, ó fa ọrùn wọlé kíá. Kó tó yọ orí jáde, àlá ti parí, ìkòkò ti gbẹ.

Láti ọjọ́ náà ni ọrùn Ìjàpá ti ń jáde díẹ̀díẹ̀, tó sì ń wọlé kíá. Ìdí sì nìyí tí ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà kì í fi gbogbo yàrá fún pẹpẹ.

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí rèé. Bí mo bá parọ́, kí n sùn lálẹ́ òní kí n má lálàá. Bí n kò bá parọ́, kí ọmọ Àdàbà jí láàárọ̀ ọ̀la, kí ó béèrè oúnjẹ.